Àpá dúdú ojú: bí ẹ ṣe lè fi ohun àdáyébá inú ilé dín in kù láìpa awọ lára

Irorẹ́ lè lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ṣùgbọ́n àpá dúdú tó fi sílẹ̀ lè jókòó síbẹ̀ fún oṣù 6, ó sì lè lé ní ọdún kan. Ó wọ́pọ̀ lára àwa aláwọ̀ dúdú ju àwọn aláwọ̀ funfun lọ, kì í sì í ṣe ìdọ̀tí ló ń fà á. Mẹ́lánínì, èròjà tó mú awọ wa dúdú, ni ara máa ń tú jáde lọ́pọ̀ yanturu níbi tí awọ bá ti wú, tó bó, tó jóná, tàbí tí a ti fi èékánná họ ọ́. Ìdí nìyẹn tí ojú irorẹ́, ojú ibi tí ẹ̀fọn ti jẹ wá àti ojú ibi tí abẹ ti gé wa fi máa ń dúdú ju àyíká rẹ̀ lọ.

Láti inú èyí ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ ti jáde. Bí awọ bá farapa ló ń dúdú. Nítorí náà, ohunkóhun tí ẹ bá fi sójú tó ń ta yín, tó ń jó yín, tó sì ń bó yín, dúdú ló ń fi kún dúdú. Ó máa ń dùn mí gan-an bí mo bá rí ọ̀dọ́mọbìnrin tó fi ọsàn wẹ́wẹ́ ra ojú, tó ń fi ara da á, torí ẹnì kan ti sọ fún un pé bó bá ṣe ń ta á tó ló ṣe ń ṣiṣẹ́ tó.

Ẹ jẹ́ kó yé wa pẹ̀lú pé ọ̀rọ̀ bíbó ara kọ́ la ń sọ. A ò fẹ́ sọ ojú ẹnikẹ́ni di pupa. Àwọ̀ tí wọ́n bí mọ́ yín la fẹ́ kí ojú àpá náà padà sí.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mọ irú àpá tó wà lójú yín

Ẹ dúró síwájú dígí níbi tí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán ti mọ́, kì í ṣe lábẹ́ gílóòbù. Bí àpá náà bá tẹ́ pẹrẹsẹ, tó jẹ́ pé ibi tí irorẹ́ ti yọ ló wà, àpá irorẹ́ ni, òun sì ni ìtọ́jú inú ilé ń ràn lọ́wọ́ jù. Bó bá ní àwọ̀ ilẹ̀, òkè awọ ló wà, kò ní pẹ́ púpọ̀ kó tó ṣí. Bó bá dà bí ẹni pé ó ní búlúù tàbí eérú nínú, ó ti wọlé jìnnà sínú awọ, ó sì lè gba ọdún mélòó kan.

Bí dúdú náà bá tẹ́ rẹrẹ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì, sí iwájú orí àti òkè ètè, tó sì jẹ́ pé aláboyún ni yín tàbí ẹ ń lo oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí, ọ̀rọ̀ họ́mọ̀nù ló wà níbẹ̀. Ti aláboyún sábà máa ń fúyẹ́ fúnra rẹ̀ ní oṣù díẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ. Ẹni tó ń lo oògùn ìfètò lè bá nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀ bóyá irú mìíràn wà tí yóò bá a lára mu. Àwọn tó ń dín àkàrà tàbí tí wọ́n ń sun ẹja ní láti mọ̀ pé ooru iná pàápàá máa ń mú irú dúdú yìí le sí i.

Àwọn kókó dúdú kéékèèké tó yọ sókè lára ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti lábẹ́ ojú, tí baba tàbí ìyá yín náà ní, kì í ṣe àpá rárá. Àjogúnbá ni, kò sì léwu. Kò sí oyin tàbí ewé tó lè mú un kúrò. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi kẹ́míkà sun ún fún yín lójú ọ̀nà, torí ojú ibi tó bá sun gan-an ni yóò di àpá.

Èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í fura sí ni àpá tí oògùn mímu ń fà. Ó máa ń rí roboto, ó lè wà ní ètè, ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ tàbí níbòmíràn lára. Bí ẹni náà bá tún lo oògùn yẹn, ojú kan náà ni yóò ti yún un, tí yóò pọ́n, tí yóò sì dúdú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Co-trimoxazole, tí gbogbo ayé ń pè ní Septrin, wà lára àwọn tó máa ń ṣe é jù. Tetracycline, tó ń pa kòkòrò àrùn, àti díẹ̀ lára àwọn oògùn ara ríro náà wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ń fi etí erin (aloe vera) pa irú àpá yìí, tó sì ń lo Septrin nígbàkigbà tí inú bá ń run ún, asán ló ń ṣe. Ẹ jáwọ́ nínú oògùn náà, kí ẹ sì máa dárúkọ rẹ̀ fún gbogbo nọ́ọ̀sì àti dókítà tó bá fẹ́ kọ oògùn fún yín.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ dí orísun rẹ̀

Àwọn àgbà ní, a fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, à ń pa lápalápá. Bí irorẹ́ tuntun bá ṣì ń yọ, àpá tuntun ló ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ẹ ó kàn máa yí po lójú kan.

Ẹ má fún irorẹ́ mọ́. Mo mọ̀ pé ó ṣòro, pàápàá bó bá ti ní ọyún funfun lórí, ṣùgbọ́n bí a bá fún un, apá kan nínú ọyún náà á wọ ìsàlẹ̀ awọ, ibẹ̀ á wú ju ti tẹ́lẹ̀, àpá rẹ̀ á sì jìn. Ẹ wo ìpara irun yín: bí irorẹ́ bá pọ̀ sí iwájú orí àti ẹ̀gbẹ́ etí, ìpara irun tó ń ṣàn wá sójú lè jẹ́ ọ̀dádá. Ẹ máa fọ aṣọ ìrọ̀rí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Òróró àgbọn dára fún irun àti ẹsẹ̀, àmọ́ ó máa ń dí ihò awọ ojú ẹni tí irorẹ́ ń yọ lára rẹ̀, nítorí náà ẹ fi í sílẹ̀ fún ìsàlẹ̀ ọrùn. Bí irorẹ́ bá pọ̀ jù, ìpara irorẹ́ tó ń jẹ́ benzoyl peroxide 2.5% láti ilé oògùn yóò ṣe ju ewékéwé lọ. Ẹ kàn ṣọ́ra, ó máa ń bó àwọ̀ aṣọ.

Ẹ̀yin ọkùnrin tí irùngbọ̀n yín máa ń yọ kókó lẹ́yìn fífá, ẹ sinmi abẹ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Nígbà tí ẹ bá tún bẹ̀rẹ̀, ẹ fi ẹ̀rọ gé e kù díẹ̀ dípò kí ẹ fá a kodoro, kí ẹ sì máa gé e bí irun ṣe sùn. Bí irun bá ti kúrú jù, ó máa ń ká wọ inú awọ padà, níbẹ̀ ni kókó àti dúdú ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìmọ̀ràn yìí kan àwọn obìnrin tó ń fá àgbọ̀n náà.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ bo ojú kúrò lọ́wọ́ oòrùn

Bí ẹ bá máa fo gbogbo ìyókù, ẹ má fo èyí. Oòrùn ló ń sọ fún awọ pé kó máa tú mẹ́lánínì jáde. Ohun tí etí erin bá fi oṣù kan ṣe, ọ̀sẹ̀ kan nínú oòrùn láìbojú lè bà á jẹ́.

Láti aago 10 àárọ̀ sí aago 4 ìrọ̀lẹ́ ni oòrùn ń le jù. Agbòòrùn, fìlà tí etí rẹ̀ fẹ̀ àti rírìn lábẹ́ òjìji kò gba owó púpọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wá ìpara tó ń dènà oòrùn, èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní sunscreen, tí wọ́n kọ SPF 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sí lára. Ẹ fún un sórí ìka méjì, kó gùn tó ìka náà láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ìwọ̀n yẹn ló tó ojú àti ọrùn. Bí ìta lẹ wà, ẹ tún un pa lẹ́yìn wákàtí 2. Fún awọ dúdú, èyí tó ní àwọ̀ ilẹ̀ bíi páńkéèkì dára ju èyí tó funfun lọ, torí iron oxide tó wà nínú rẹ̀ ń dènà ìmọ́lẹ̀ tí ojú ń rí, ìmọ́lẹ̀ yẹn náà sì ń mú awọ wa dúdú. Ẹ̀yin awakọ̀, ẹ má gbára lé gíláàsì ọkọ̀: irú oòrùn kan máa ń gba inú gíláàsì ẹ̀gbẹ́ kọjá.

Òrí àti òróró kì í ṣe ìdènà oòrùn, ohun yòówù kí ẹni tó ń tà á sọ.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: bí ẹ ó ṣe máa fọ ojú

Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ tó, àárọ̀ àti alẹ́, pẹ̀lú omi lásán tàbí omi lílọ́wọ́ọ́wọ́. Ẹ máa fi ọwọ́ fọ̀ ọ́. Kànìnkànìn dára fún ẹ̀yìn àti ẹsẹ̀. Ojú kò fẹ́ ẹ.

Mo fẹ́ràn ọṣẹ dúdú, ṣùgbọ́n eérú èèpo kókó tàbí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n fi ń se é pẹ̀lú àdín, eérú yẹn sì le. Ẹ mú ìwọ̀nba tó tó ẹ̀wà kan, ẹ pò ó mọ́ omi ní àtẹ́lẹwọ́ títí yóò fi hó, kí ẹ tó fi kan ojú. Ẹ má fi ọṣẹ gan-an ra ojú. Ẹ ṣan án kúrò kíákíá. Bí ojú bá ń fà yín lẹ́yìn náà, ó ti pọ̀ jù. Ẹ dín in sí ẹ̀ẹ̀kan ní ọjọ́ méjì. Ẹ ra èyí tí kò ní lọ́fínńdà, tí ẹ sì mọ ẹni tó sè é, torí àwọn kan ń po kẹ́míkà tó ń bó ara mọ́ ọṣẹ dúdú, wọ́n á sì máa tà á bí ohun ìbílẹ̀.

Bí ojú bá ṣì tutù, ẹ fi òrí díẹ̀ sí i, kó má ju ẹ̀wà kan lọ, kí ẹ yọ́ ọ láàárín àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì. Nígbà ọyẹ́, èyí ṣe pàtàkì gan-an, nítorí awọ tó gbẹ, tó ń ya, kì í jẹ́ kí àpá lọ.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ dán an wò lápá kí ẹ tó fi sójú

Ewé ni, àdáyébá ni, kò ní kó má lè ba yín lára jẹ́. Ẹ fi díẹ̀ nínú ohun tí ẹ bá fẹ́ lò pa inú apá, lẹ́bàá ìgbọ̀nwọ́, fún wákàtí 24 sí 48. Bó bá yún yín, tó pọ́n tàbí tó wú, ẹ gbàgbé rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ máa bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ lè mọ èyí tó ń ṣe yín lóore àti èyí tó ń ṣe yín níkà.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: àwọn ohun tí ẹ lè lò

*Etí erin.* Òun ni mo máa kọ́kọ́ gbé lé yín lọ́wọ́, torí ó ń tu awọ lára, ó sì ní aloesin nínú, èròjà kan tó ń dí èyí tó ń pèsè mẹ́lánínì lọ́wọ́. Ìwọ̀nba ni aloesin yìí nínú ewé, ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ rẹ̀ kì í fi yá.

Ẹ gé ewé kan tó sanra, tó ti dàgbà, láti ìdí rẹ̀. Ẹ gbé e nàró sínú ife fún ìṣẹ́jú 10 sí 15, kí ojú ibi tí ẹ ti gé e wà nísàlẹ̀. Oje aláwọ̀ ìyeyè kan yóò máa kán jáde. Ẹ dà á nù, torí oje yẹn ló ń mú kí ojú àwọn kan yún lẹ́yìn tí wọ́n bá lo etí erin. Ẹ fọ ewé náà, ẹ fi ọ̀bẹ gé ẹ̀gún ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì kúrò, ẹ bó èèpo òkè, ẹ fi ṣíbí ha inú rẹ̀ tó mọ́ gaara, tó ń fà bí ọbẹ̀ ilá. Ẹ tún fi omi ṣan án, ẹ sì fi fọ́ọ̀kì tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi dán.

Lálẹ́, lẹ́yìn tí ẹ bá ti fọ ojú, ẹ pa á fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí ojú àpá. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 20, ẹ ṣan án kúrò, kí ẹ tó fi òrí sí i. Ẹ lè ṣe é lálaalẹ́. Èyí tó bá ṣẹ́kù lè wà nínú ìgò mímọ́ nínú fíríìjì fún ọjọ́ 4 tàbí 5. Bí iná kò bá dúró ládùúgbò yín, ẹ máa gé ìwọ̀nba tí ẹ ó lò lójoojúmọ́. Ìkòkò kan pẹ̀lú iyanrìn díẹ̀ tó láti gbìn ín sẹ́yìnkùlé, kò sì fẹ́ omi púpọ̀.

*Yógọ́ọ̀tì, oyin àti àtalẹ̀ pupa.* Ẹ po ṣíbí ìmutíì 2 yógọ́ọ̀tì tí kò ní ṣúgà àti ṣíbí ìmutíì 1 oyin gidi. Lactic acid inú yógọ́ọ̀tì máa ń bá awọ tó ti kú tú kúrò díẹ̀díẹ̀, oyin sì ń jẹ́ kí ojú rọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ àtalẹ̀ pupa lílọ̀, ìdá kan nínú mẹ́rin ṣíbí ìmutíì ti tó. Ó ń dín wíwú kù, àmọ́ ó máa ń sọ ojú di aláwọ̀ ìyeyè fún ìgbà díẹ̀, nítorí náà ẹ má lò ó lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú òde. Ẹ fi í sójú fún ìṣẹ́jú 10, ẹ ṣan án pẹ̀lú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kó má ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn kan máa ń bi mí nípa omi ògì, èyí táwọn ìyá wa fi ń fọ ojú. Lóòótọ́, lactic acid wà nínú omi ògì náà, torí kíkan ló kan. Ṣùgbọ́n kíkan rẹ̀ kì í dọ́gba lójoojúmọ́, ọ̀pọ̀ ọwọ́ àti ìkòkò ló sì ti kàn án. Yógọ́ọ̀tì tí wọ́n dé lórí ni mo yàn láàyò.

*Ìbẹ́pẹ.* Èyí tó pọ́n dáadáa nìkan. Ẹ tẹ ẹyọ kan tó tó àtàǹpàkò, ẹ pa á sójú fún ìṣẹ́jú 5, ẹ fọ̀ ọ́ kúrò. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Oje funfun ara ìbẹ́pẹ dúdú le gan-an, ó lè bó awọ. Ẹ má jẹ́ kó kan ojú. Ẹni tí ìbọ̀wọ́ rọ́bà máa ń yún lọ́wọ́ kò gbọdọ̀ dán an wò rárá.

Apálá, tòmátì àti ọ̀dùnkún tí wọ́n máa ń gé lé ojú kò burú, ó ń tuni lára, ṣùgbọ́n ẹ má retí ohun púpọ̀ lọ́wọ́ wọn.

Ohun tí ẹ kò gbọdọ̀ fi kan ojú

Ọsàn wẹ́wẹ́ ni àkọ́kọ́. Kíkan rẹ̀ ju ti awọ lọ fíìfíì, ṣùgbọ́n èyí tó burú jù ni pé èròjà kan wà nínú oje rẹ̀ tó jẹ́ pé bí oòrùn bá kàn án lára awọ, ńṣe ni yóò jó o. Awọ á pọ́n, ó lè léròrò, dúdú tó sì máa fi sílẹ̀ lè lo oṣù púpọ̀. Kódà ẹni tó fún ọsàn wẹ́wẹ́ sórí ẹja, tó sì jáde sínú oòrùn láìfọ ọwọ́, lè rí i lọ́wọ́ rẹ̀. Òróǹbó náà, fínígà, ọṣẹ ìfọyín, kanún àti bàkín sódà, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ ní ilé ìdáná àti ilé ìwẹ̀. Ṣúgà àti iyọ̀ tí wọ́n fi ń ha ojú máa ń họ awọ láìjẹ́ kó hàn, ẹ ó sì rí i lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan pé ibẹ̀ ti dúdú.

Lẹ́yìn náà ni ìpara tí wọ́n ń pò lọ́jà sínú ike tí kò ní orúkọ. Ohun tó sábà máa ń wà nínú rẹ̀ ni hydroquinone, èròjà kan tó ń bó ara, stẹ́rọ́ọ̀dù bíi clobetasol, nígbà mìíràn mákúrì. Ojú á kọ́kọ́ mọ́, inú yín á dùn. Bó bá pẹ́, stẹ́rọ́ọ̀dù á sọ awọ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí iṣan á máa hàn, mákúrì á máa ba kíndìnrín jẹ́, hydroquinone sì lè sọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ di dúdú aláwọ̀ búlúù tó ṣòro gan-an láti wò. Orílẹ̀-èdè South Africa rí èyí lára àwọn ọmọ wọn, wọ́n sì fòfin de hydroquinone nínú ìpara lásán ní 1990. Bí ẹ bá ti ń lo irú ìpara bẹ́ẹ̀ fún oṣù mélòó kan, ẹ má ṣàdédé ju ú nù lóòjọ́. Ojú lè wú, kó sì pọ́n burúkú. Dókítà ló yẹ kó bá yín já a díẹ̀díẹ̀.

Ìgbà tí ẹ ó rí ìyàtọ̀

Awọ òkè máa ń gba nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 4 kó tó pààrọ̀ ara rẹ̀, ó sì ń pẹ́ sí i bí a bá ṣe ń dàgbà. Nítorí náà, ẹ má retí ohun tó hàn kí ọ̀sẹ̀ 8 tó pé. Ẹ ya fọ́tò ojú yín lónìí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé kan náà, ní aago kan náà, láìlo ohun tó ń mú fọ́tò dán. Ẹ tún un yà lóṣooṣù. Dígí àràárọ̀ kì í jẹ́ kéèyàn mọ̀ pé àpá ti ń ṣí.

Bí oṣù 3 bá kọjá tí fọ́tò kò yàtọ̀, ẹ wọ ilé oògùn tó forúkọ sílẹ̀, kí ẹ béèrè ìpara tó ní azelaic acid tàbí niacinamide, àwọn èròjà tó ń dín àpá dúdú kù. Àwọn méjèèjì bá awọ dúdú mu, aláboyún náà sì lè lò wọ́n, ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ sọ fún nọ́ọ̀sì rẹ̀.

Àwọn nǹkan kan wà tí kò yẹ kí ẹ dúró dé oṣù 3 fún. Àpá tó ń ṣẹ̀jẹ̀, tó ń tóbi, tó ń yí àwọ̀ padà tàbí tó di egbò tí kò jinná, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà awọ kíákíá. Ibi tí ẹ bá fọwọ́ kàn tí ẹ kò mọ̀ ọ́n lára, bẹ́ẹ̀ náà. Bí ọrùn àti abíyá bá ń dúdú, tí awọ ibẹ̀ sì nípọn, ẹ lọ yẹ ìwọ̀n ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ yín wò. Fífọ̀ kò lè mú un kúrò. Nígbà tí ẹ bá ń lọ, ẹ kó gbogbo ìpara, ọṣẹ àti oògùn tí ẹ ń lò dání, pẹ̀lú èyí tí kò lórúkọ àti èyí tí ojú ń tì yín láti fi hàn, torí ibẹ̀ ni dókítà yóò ti kọ́kọ́ wá ohun tó fà á.